Ìtàn Ìgbésí Ayé Lédì Oyinkan Abayomi, Alágbàwí Àwọn Ọmọbìnrin

Bí a ti ń yọ ayọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí Olúwa ti fi mú ìjọ wa dúró ní àdúgbò Ṣómólú àti Bàrígà yìí, ó tọ́ kí a fi ọpẹ́ rántí àwọn tí wọ́n ti lànà sílẹ̀ ṣáájú wa. Ọ̀kan nínú wọn ni olóògbé Lédì Oyinkan Abayomi. A yan ìtàn rẹ̀ nítorí pé lọ́dọọdún ni àwọn ọmọbìnrin wa ń gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rí ẹni tí yóò fà wọ́n lọ́wọ́ dé ẹnu iṣẹ́.

A bí i ní ọjọ́ kẹfà oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1897. Bàbá rẹ̀ ni Kitoye Ajasa, agbẹjọ́rò ọlọ́lá ní Èkó, ẹni tí ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Pioneer sílẹ̀ ní 1914, tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè Sà dá lọ́lá ní 1928. Oyinkan kò mọ ìyà, ṣùgbọ́n kò fi ọrọ̀ bàbá rẹ̀ ṣe àga ìjókòó.

Nígbà náà, àwọn ọmọkùnrin ni ó máa ń kọ́kọ́ rí ilé ẹ̀kọ́. Ní 1859 ni Ìjọ Siẹmuẹsi dá Grammar School sílẹ̀ fún wọn, èyí tí ó ti wà ní Bàrígà tiwa láti 1959. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1869, ni ti àwọn ọmọbìnrin tó dé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin yìí, tí a ń pè ní Seminary nígbà náà, tí ó sì di St. Anne's ní Ìbàdàn ní 1950, ni Oyinkan ti kàwé títí di 1909. Lẹ́yìn náà ni a rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ orin. Nígbà tí ó padà dé ní 1920, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni ó lọ, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin.

Ní 1923 ó fẹ́ agbẹjọ́rò Moronfolu Abayomi, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ kò tíì kọjá nígbà tí a pa ọkọ rẹ̀ nínú ilé ẹjọ́. Ìbànújẹ́ yìí tó láti sé ọ̀dọ́bìnrin mọ́ inú yàrá títí ayé. Ṣùgbọ́n òun dìde, ó sì fi ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Ní 1930 ó fẹ́ Dókítà Kofoworola Abayomi.

Láti 1909 ni ìjọba ti dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. Àwọn ọmọbìnrin kò ní irú rẹ̀. Oyinkan kó àwọn obìnrin tí wọ́n ti kàwé bíi tirẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń wá owó kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin lè dé. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1927 ni Queen's College ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ogún ọmọ. Ó sì wà ní Yábàá, ìtòsí wa, lónìí. Nínú àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́, Oyinkan nìkan ni ọmọ ilẹ̀ wa. Ó tún ṣiṣẹ́ gidigidi nínú ẹgbẹ́ Girl Guides títí ó fi di olórí wọn ní gbogbo Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ó rí i pé ìwé kíkà nìkan kò tó. Ọmọbìnrin a parí ẹ̀kọ́, ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba a sì wà ní títì sí i. Nítorí náà, ní oṣù Ẹ̀bìbí 1944, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Nigerian Women's Party sílẹ̀ láti béèrè ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ sí i, ipò fún obìnrin nínú iṣẹ́ ìjọba, àti ẹ̀tọ́ fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Ohun tí wọ́n béèrè kò tètè bọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn kò dákẹ́.

Ẹ wo èso rẹ̀. Kofoworola Moore, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Siẹmuẹsi kan náà, gba oyè ní Oxford ní 1935, ó sì padà wá ṣe olùkọ́ ní Queen's College. Elizabeth Akerele, ọmọ Queen's College, di dókítà ní 1938, obìnrin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ National Council of Women's Societies sílẹ̀ ní 1959, èkíní ni ó kọ́kọ́ ṣe ààrẹ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Lédì Ademola. Èkejì, tí í ṣe Dókítà Awoliyi, ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1964. Ẹni tí a fà lọ́wọ́ ń fa ẹlòmíràn.

Lédì Abayomi sùn nínú Olúwa ní oṣù Ẹrẹ́nà 1990, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ ti kàwé, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, olùkọ́, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín kì í ṣe fún aṣọ ẹgbẹ́ àti àpèjẹ nìkan. Ẹ bi ọmọbìnrin tí ó jókòó lẹ́yìn yín lọ́jọ́ ìsinmi ní iṣẹ́ tí ó ń wá. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹ kọ́ ọ ní ohun tí ẹ kò rí nínú ìwé. Kí Olúwa jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀ bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ìjọ wa. Àmín.