Judah Folkman

Moses Judah Folkman (ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1933 – ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008) jẹ́ oníṣẹ́-abẹ àwọn ọmọdé àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ìṣègùn ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó dá àbá pé kókó jẹjẹrẹ kò lè tóbi láìjẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù wọ inú rẹ̀, àti pé bí a bá dènà híhù iṣan wọ̀nyí, a lè dá àìsàn náà dúró. Híhù iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun yìí ni à ń pè ní angiogenesis.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Wọ́n bí Folkman ní ìlú Cleveland, ìpínlẹ̀ Ohio. Rábì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀sìn àwọn Júù, ni bàbá rẹ̀. Ó gboyè ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní 1953 àti ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard ní 1957. Ó fẹ́ Paula Prial ní 1960.

Iṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ ogun ojú omi

Láàrin 1960 sí 1962, Folkman ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọmọ ogun ojú omi ní Bethesda. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni láti wá ohun tí a lè lò dípò ẹ̀jẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Òun àti Frederick Becker ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣàn gba inú ẹ̀yà ara tí wọ́n yọ lára ẹranko sínú ìgò, wọ́n sì gbin jẹjẹrẹ eku sínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ náà dúró nígbà tí ó tóbi tó mìlímítà kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá a padà sára eku, ó tóbi gan-an. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù wọ inú rẹ̀ lára eku. Kò sí èyí tí ó hù nínú ìgò.

Níbẹ̀ náà ni òun àti David Long ti rí i pé oògùn lè máa jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú rọ́bà sílíkọ́ọ̀nù. Ìmọ̀ yìí ni ó bí Norplant, ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ awọ apá obìnrin tẹ́lẹ̀.

Àbá rẹ̀ àti àtakò

Ní 1967, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 34, Folkman di olórí oníṣẹ́-abẹ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Boston. Ó gbé àbá rẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine ní 1971. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́. Lójú wọn, iṣan tí ó yí jẹjẹrẹ ká kò ju ara wíwú lásán lọ. Ní 1981 ó fi ipò olórí sílẹ̀, ó sì gbájú mọ́ ìwádìí.

Ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Ní 1984, àwọn ará yàrá ìwádìí rẹ̀ yọ èròjà kan tí ó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ hù jáde láti inú jẹjẹrẹ. Ní 1989, Napoleone Ferrara ní California ṣàwárí èròjà VEGF. Michael O'Reilly, tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Folkman, rí angiostatin (1994) àti endostatin (1997), tí ó mú kí jẹjẹrẹ eku súnkì. Nígbà tí ìwé ìròyìn New York Times gbé e sójú ewé àkọ́kọ́ ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn aláìsàn ń wá oògùn náà kíákíá. Folkman ń rán wọn létí pé ara eku nìkan ni ó ti ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí: endostatin kò wo ènìyàn sàn bí ó ti wo eku.

Oògùn àti àwọn kókó línfù

Ní oṣù Kejì 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bevacizumab (Avastin), tí ó ń dènà VEGF, fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí ó ti tàn kálẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé e lé, ẹ̀mí àwọn tí wọ́n gbà á pọ̀ mọ́ oògùn jẹjẹrẹ mìíràn gùn tó oṣù 20.3, ti àwọn tí kò gbà á sì jẹ́ oṣù 15.6. Àǹfààní náà ní ìwọ̀n: nígbà tí wọ́n fún àwọn tí wọ́n ti fi iṣẹ́-abẹ yọ jẹjẹrẹ wọn, kò dènà kí àìsàn náà padà.

Jẹjẹrẹ kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ nìkan tàn kálẹ̀. Ó tún ń gba inú iṣan línfù, tí omi ara ń gbà kọjá, dé àwọn kókó línfù tí ó wà ní abíyá àti ọrùn. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú ni àìsàn náà ti dé kókó abíyá wọn kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Èròjà mìíràn, VEGF-C, tí Kari Alitalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Helsinki kéde ní 1996, ni ó ń mú iṣan línfù hù, bevacizumab kì í sì í dí i lọ́wọ́. Àwọn ìwádìí 2001 fi hàn pé jẹjẹrẹ eku tí ó ní VEGF-C púpọ̀ máa ń dé kókó línfù ju èyí tí kò ní lọ. Dídènà rẹ̀ dín ìtànkálẹ̀ náà kù lára eku, ṣùgbọ́n kò tíì di ìtọ́jú tí a ń lò fún ènìyàn.

Ikú àti ogún rẹ̀

Àìsàn ọkàn pa Folkman ní pápákọ̀ òfurufú Denver nígbà tí ó ń lọ sí ìpàdé ní Kánádà. Ẹni ọdún 74 ni. Ó ti gba ẹ̀bùn Wolf nínú ìṣègùn ní 1992. Àwọn oníṣègùn ojú náà ń jàǹfààní àbá rẹ̀: ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi bevacizumab sára oògùn kòṣeémánìí fún àrùn ojú, wọ́n sì ti lò ó fún aláìsàn ojú ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn.