George Hunt: ẹni tó kọ èdè sílẹ̀, tí wọ́n fi gbé e lọ sí kóòtù

Èmi tí mo kàwé òfin, ẹjọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ George Hunt. Lọ́dún 1900, wọ́n mú un ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, ó di ilé ẹjọ́ ní Vancouver. Ẹ̀sùn wo? Wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ayẹyẹ ìbílẹ̀ kan tí òfin kà léèwọ̀. Ayẹyẹ o! Kò jalè, kò pààyàn.

Ọdún 1854 ni wọ́n bí i ní Fort Rupert, ní erékùṣù Vancouver. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀, Robert Hunt, tó ń bá Hudson's Bay Company ṣòwò awọ onírun. Ìyá rẹ̀, Mary Ebbets, wá láti ìdílé ọlọ́lá láàárín àwọn Tlingit, lápá àríwá. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọmọ Kwakwaka'wakw ní ti ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín wọn ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ó sì gbọ́ èdè wọn, Kwak'wala, yékéyéké. Ara ẹbí èdè Wakashan ni Kwak'wala wà, pẹ̀lú Haisla, Heiltsuk, Nuu-chah-nulth, àti Makah tó wà ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà.

Kó tó di 1890 ló pàdé Franz Boas, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jámánì. Nígbà tí Hunt kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ síbi àfihàn àgbáyé ní Chicago lọ́dún 1893, Boas kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ Kwak'wala sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti ń kọ, tó ń fi ránṣẹ́: ìtàn, orúkọ oyè, bí wọ́n ṣe ń pẹja, títí dé bí wọ́n ṣe ń se é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé ni. Ọ̀rọ̀ ìdáná wọ̀nyẹn, ẹnu àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Òfin tí Kánádà ṣe ní 1884 ló sọ potlatch di ẹ̀ṣẹ̀. Àsè ńlá ni potlatch, níbi tí olóyè ti ń pín ẹrù fún àlejò kí wọ́n lè jẹ́rìí sí oyè, ìgbéyàwó tàbí ogún. Lójú tèmi, ẹni tó bá fòfin de irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ti ilé ẹjọ́ àwọn èèyàn yẹn pa, ó sì ti fa ìwé ẹ̀rí wọn ya. Wọ́n dá Hunt láre ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kúrò nílẹ̀ títí di 1951, ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn tó kú ní 1933.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Òun kan náà ló ra ojúbọ àwọn ọdẹ àbùùbùtán ní Yuquot, nílẹ̀ Nuu-chah-nulth, tère-tère, tó kó o ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní New York. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tó fi wà níbẹ̀. Lóòótọ́, ó sanwó. Ṣùgbọ́n ta ló láṣẹ láti ta ojúbọ gbogbo ìlú? Mi ò rò pé rìsíìtì lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Àwọn kan tún ń pè é ní olùrànlọ́wọ́ Boas. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lára Kwakiutl Texts, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ńlá ti 1921, Boas ni òǹkọ̀wé, Hunt kàn di ẹni tó kó ọ̀rọ̀ jọ. Ẹni tó gbọ́ ọ, tó kọ ọ́, tó tún túmọ̀ rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ báwo?

Lónìí, àgbàlagbà díẹ̀ ló kù tó gbọ́ Kwak'wala dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ ọ ń padà sídìí ìwé Hunt láti wá ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ṣì wà láyé, fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ wọn sí i, torí àwọn ló ni ọ̀rọ̀.