Padre Antonio: Adelé Ìjọ Àgùdà ní Èkó

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí àwọn Àgùdà Èkó ayé àtijọ́ ń pè ní Padre Antonio. Àlùfáà ni ìtumọ̀ Padre ní èdè Potogí, ṣùgbọ́n kò sí bíṣọ́ọ̀bù kan tí ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí, tí ó sì gba òmìnira, ni.

Nígbà ogun àti òwò ẹrú, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni a kó lọ sí Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Àwọn tí ó gba òmìnira níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í darí wálé, pàápàá lẹ́yìn ọdún 1835, nígbà tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Bahia, tí ìjọba ibẹ̀ sì fi ojú àwọn aláwọ̀ dúdú rí màbo. Àwọn wọ̀nyí ni Àgùdà, tí wọ́n tẹ Pópó Àgùdà dó ní Èkó. Bírikìlà wà nínú wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà wà, aránṣọ àti oníṣòwò náà wà. Nítorí pé onígbàgbọ́ Kátólíìkì ni púpọ̀ nínú wọn, Ìjọ Àgùdà ni Yorùbá ń pe ìjọ náà títí di òní.

Ìgbàgbọ́ bá wọn dé, àlùfáà kò bá wọn dé. Ọmọ ń bí, ìyàwó ń wọlé, òkú ń kú. Bí kò bá sí ẹni tí yóò dúró, ohun tí wọ́n gbà lókè òkun ì bá ti parẹ́ lójú àwọn ọmọ wọn. Antonio ni ó dúró. Ó kọ́ ilé àdúrà kékeré kan, ó ń kó àwọn ènìyàn jọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, ó ń bójú tó ìgbéyàwó wọn, ó sì ń sin òkú wọn.

Ní ọdún 1863, Fadá Francesco Borghero, ọmọ Ítálì tí ó ti wà ní Wídà láti ọdún 1861, wá sí Èkó. Ìjọ tí ó ti ń gbàdúrà ni ó bá níbẹ̀. Ní ọdún 1868 ni Fadá Pierre Bouche wá fi Èkó ṣe ibùgbé.

Ibí yìí ni ìwà Antonio ti hàn jù. Bí ọba bá wàjà, adelé ni í tọ́jú ààfin. Ṣùgbọ́n ìtàn kún fún adelé tí ó gbàgbé pé adelé ni òun, tí ìlú sì tipa bẹ́ẹ̀ dàrú. Antonio ní ọmọ ìjọ lẹ́yìn, ó ní ilé àdúrà, ó sì ní orúkọ àlùfáà lẹ́nu ènìyàn. Síbẹ̀, nígbà tí oníṣẹ́ dé, ó fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì dúró tì í gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Ìjọ kò pín sí méjì. Ní ọdún 1881, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà parí ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross, èyí tí ó tóbi fíìfíì ju ilé àdúrà àkọ́kọ́ nì lọ.

Lónìí, bí a bá se fréjọ̀n lọ́jọ́ Jímọ́ Rere ní ilé àwọn Àgùdà, tí ìyá àgbà sì ń kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní àdúrà, iṣẹ́ tí Antonio ṣe ni ó ń bá a lọ. Ẹni tí ó bá iṣẹ́ nílẹ̀ tí ó ṣe é ní iyì. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní iyì méjì.