Bakhita, Olùtọ́jú Ọmọ Ọlọ́mọ

Ní ọjọ́ 8 oṣù Fẹ́búárì ọdọọdún ni Ìjọ Mímọ́ ń ṣe ìrántí Ẹni Mímọ́ Josephine Bakhita. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ nípa àpá ẹgba tí ó wà lára rẹ̀; iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí.

Ní Darfur, ní ilẹ̀ Sùdáànì, ni a bí i ní nǹkan bí ọdún 1869. Ó ṣì kéré púpọ̀ nígbà tí àwọn ajínigbé mú un lọ. Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Bakhita, èyíinì ni Olóríire, ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo irú oríire bẹ́ẹ̀! Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a ń tà á, títí aṣojú ìjọba Ítálì kan fi rà á ní Khartoum ní ọdún 1883. Ní 1885 ó bá ọkùnrin náà dé Ítálì, ó sì fi í ta aya ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ, Ìyáàfin Michieli.

Obìnrin yìí bí ọmọbìnrin kan, Mimmina, Bakhita sì di olùtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, àti àìsùn òru tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹrú kì í sì gba owó oṣù. Ọkọ Michieli ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Suakin, ní etí Òkun Pupa. Ní 1888, ìyàwó rẹ̀ fi ọmọ àti olùtọ́jú sọ́dọ̀ àwọn Sísítà Canossa ní Venice, ó sì kọjá sókè òkun. Bí kò bá sí ọwọ́ Bakhita tí ó gbé ọmọ náà, ta ni ìbá ráyè tẹ̀ lé ọjà lọ? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé, tí ẹ ń sọ pé ọmọ yín ni, èló ni ó ń wọ ọwọ́ rẹ̀ ní ìparí oṣù?

Nígbà tí ìyáàfin náà padà wá mú wọn, Bakhita kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Nòfẹ́ńbà 1889, a dá a láre pé kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Mimmina tí ó fẹ́ràn bá ìyá rẹ̀ lọ. Òmìnira rẹ̀ kò wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó gba ìrìbọmi ní oṣù Jánúárì 1890, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ Sísítà ní 1896. Ní ìlú Schio, ó ń se oúnjẹ, ó ń ránṣọ, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ ilé náà ni síbẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ó yàn án.

Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Fẹ́búárì 1947. Nínú ìrora àìsàn ìkẹyìn rẹ̀, ọdún 57 lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ó ń bẹ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ pé kí ó dẹ ṣẹkẹṣẹkẹ náà díẹ̀, nítorí ó wúwo.