Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, Ayaba Ọ̀wọ̀

Ààfin Ọlọ́wọ̀ wà lára àwọn ààfin tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà kan rí, àgbàlá inú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún. Ùghà ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti òrìṣà tirẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ni a sì fi tẹ́ ilẹ̀ àwọn mìíràn. Inú ilé ńlá yìí ni Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, gbé láyé àtijọ́.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn Ọ̀wọ̀ ti wí, Ọ̀rọ̀nsẹ̀n kì í ṣe ènìyàn lásán. Ó rẹwà, ó sì mú ọrọ̀ wọ ilé ọba. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ mẹ́ta: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ìdì igi lulẹ̀ gbì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níbi tí ó bá wà. Ọba gbà, ó sì pa á láṣẹ fún gbogbo ará ilé. Níwọ̀n ìgbà tí a pa àṣẹ náà mọ́, ààfin tòrò.

Ìfẹ́ tí ọba ní sí i kò dùn mọ́ àwọn orogún rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ọba kò sí nílé, wọ́n lọ ilá, wọ́n ju igi lulẹ̀, wọ́n sì da omi sí àgbàlá. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n kò bá ẹnikẹ́ni jà; ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ìránṣẹ́ ọba lé e bá ní Igbó Ọlájà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó kọjá lọ, a kò sì rí i mọ́.

Nítorí rẹ̀ ni a fi ń ṣe ọdún Igogo ní Ọ̀wọ̀ lọ́dọọdún, fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọlọ́wọ̀ a dirun bí obìnrin, a kó iyùn sára, a sì jó ní ìgboro. Ìlù kò gbọdọ̀ dún. Agogo ni a ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í sì í wé gèlè. Láàrin ọdún 1969 sí 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Ọlájà, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn.

Ọba ni ó ni ilé, òun ni ó sì pàṣẹ. Síbẹ̀ ọwọ́ àwọn ará ilé ni àlàáfíà ààfin wà. Nígbà tí wọ́n rú èèwọ̀ ẹnìkejì wọn, ọgọ́rùn-ún àgbàlá kò tó láti dá a dúró.