Dókítà Langdon Down àti Àwọn Ọmọ Tí Ayé Kẹ̀yìn Sí

Ní Torpoint, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí John Langdon Down sí ní ọdún 1828. Ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ó kúrò ní ilé-ìwé láti máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní London, ó sì ta yọ.

Ó lè wá ipò ọlá ní ìlú ńlá; ṣùgbọ́n ní 1858 ó gba iṣẹ́ ní Earlswood, níbi tí a ń tọ́jú àwọn tí òye wọn kò yára. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé asán ni kíkọ́ irú wọn. Down kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fòpin sí lílù wọn, ó sì mú kí a fi sùúrù kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní 1866 ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí a wá mọ ipò wọn sí Down syndrome lẹ́yìn náà. Ó ṣàkíyèsí pé wọ́n mọ àfarawé ṣe gidigidi, àti pé, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ wúwo lẹ́nu wọn, ó lè já gaara bí a bá ń kọ́ ahọ́n wọn létòlétò. Òótọ́ ni pé ó ṣìnà nígbà tí ó fi wọ́n wé àwọn ará Mongolia. A ti pa orúkọ náà tì. Ní 1959 ni Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn: kromosómù 47 ni àwọn ọmọ náà ní, dípò 46.

Ní 1868 Down àti Mary aya rẹ̀ dá ilé Normansfield sílẹ̀ nítòsí London. Ní 1879 wọ́n ṣí gbọ̀ngàn eré síbẹ̀. Ó kú ní 1896. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ní 1905 a bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan pẹ̀lú ipò kan náà.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan àwa náà. Àwọn kan a máa gba òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi èdè kan ṣoṣo mọ, kí èdè kejì má baà da orí ọmọ rú. Ṣùgbọ́n ní 2005, àwọn olùṣèwádìí ní Kánádà ròyìn pé àwọn ọmọ tí ó ní Down syndrome, tí a sì fi èdè méjì tọ́, kò rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó gbọ́ ọ nìkan lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe tìtorí Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ kọrin sí i létí, ẹ sì fún un ní àyè láti dáhùn.