Ẹkúndayọ̀ Phillips: Atẹdùùrù Tí Ó Fi Etí Sí Ohùn Yorùbá

Nínú àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ orin ìsìn múlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò ni Olóògbé Dókítà Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ọdún 1884 ni a bí i. Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, tí ó ṣe iṣẹ́ ìhìnrere pẹ́ ní Oǹdó kí ó tó kú ní 1906, ni baba rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 péré ni nígbà tí ó di atẹdùùrù ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní 1911, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ dùùrù, píánò àti fáyólìnì ní Trinity College of Music. Nígbà tí ó padà dé ní 1914, wọ́n fi í ṣe atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Christ Church, Máríńnà, ilé ìsìn tí ó wá di Kàtídírà. Kò kúrò nídìí iṣẹ́ náà títí di 1962. Ọdún 48 gbáko!

Iṣẹ́ ọ̀gá akọrin kì í ṣe dùùrù títẹ̀ nìkan. Etí ni ó kọ́kọ́ ń kọ́, ojú ni ó tẹ̀ lé e, ẹnu ni ó kẹ́yìn. Ohun èlò tí ó gbilẹ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ní ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì wa ni sólfà, èyí tí Sarah Glover, olùkọ́bìnrin kan ní Norwich, pilẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Àlùfáà John Curwen sì tún ṣe títí ó fi tàn ká ayé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú sólfà, dò kì í dúró sójú kan. Ilé ni, ibi tí a bá tẹ̀dó sí ni ó ń jẹ́ ilé, àwọn ohùn yòókù a sì máa wo ojú rẹ̀. Olùkọ́ a na ọ̀pá sí ara pátákó, akọrin a pe ohùn tí ọ̀pá bá fọwọ́ kàn. Lónìí, dò sí re. Lọ́la, dò fò sí sò. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà ń mọ bí fà ti máa ń fẹ́ rọ̀ sórí mí, àti bí sò ti ń dúró ṣinṣin. Bí ó bá mọ èyí dájú, ó lè gbé ìwé orin tí kò rí rí kí ó sì kọ ọ́ láìjẹ́ pé dùùrù kọ́kọ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan kọ́, ọ̀rọ̀ ọdún ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí sì ni ohùn òkè? Àfiwé ni o, nítorí pé àlàfo àárín ohùn ọ̀rọ̀ kì í dọ́gba bí ti sólfà. Síbẹ̀, àfiwé náà fi hàn pé ọmọ Yorùbá ti ń kọ́ etí láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin igba, igbá àti ìgbà kò tíì tó rán lọ́jà. Àyàn tí ó ń fi dùndún kì ọba kò rí ìwé sólfà rí, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ mú ju ti ọ̀pọ̀ akọrin lọ.

Níhìn-ín ni wàhálà tí Phillips bá wà. Àwọn tí ó túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá so ọ̀rọ̀ wa mọ́ ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gbé ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo ogún, ohun ìní tí a ń retí lọ́run. Bí ohùn orin bá tẹ́jú, ó di ogun, àwọn ọmọ Ọlọ́run ń fi ayọ̀ retí ìjà. Bí ó bá ti ìsàlẹ̀ pátápátá fò sókè, Ògún ni ìjọ ké pè nínú ilé ìsìn! Àwọn tí ó mọ ìwé orin kà jù ni ó tilẹ̀ ṣòro fún láti fura, nítorí pé ojú wọn kò kúrò lára ìwé. Bí wọ́n bá ti kọ ohun tí a tẹ̀ síbẹ̀ láìṣì, iṣẹ́ parí lójú tiwọn.

Kì í ṣe Phillips nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé e ka orí tábìlì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ó fi Yorùbá ṣe orin ìdáhùn fún ìsìn, ó sì ṣe orin sí Sáàmù 121, nínú èyí tí ohùn orin ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó tún fi orin ìbílẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ orin dùùrù. Ní 1953, ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé bí ohùn èdè ti ń darí orin, ó ní ohùn márùn-ún ni orin Yorùbá dúró lé, ó sì fi orin wa wé orin àtijọ́ ti ìjọ Kristi ní Yúróòpù. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e kò gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, a ń bá orin olóhùn méje pàdé, àwọn akọrin ibẹ̀ sì máa ń pín ohùn fúnra wọn láìsí olùkọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ Phillips ti dúró gbọn-in ni ti ohùn èdè; ibẹ̀ kò ṣeé bì ṣubú.

Ó kó ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ lọ káàkiri àwọn ìlú láti fi orin wá owó dùùrù tuntun, dùùrù náà sì wọ ilé ìsìn ní 1932. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọrin tí ó sì kọ́ dùùrù kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1934. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí ó kú ní 1976, náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin yìí ní kékeré. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin àwọn méjèèjì yóò gbọ́ bí wọ́n ti ń wá ohùn Yorùbá kiri nínú ohun èlò òyìnbó.

Ní 1962, Phillips fa iṣẹ́ lé ọmọ rẹ̀, Charles Obayomi Phillips, lọ́wọ́. Ní 1964, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka fi oyè dókítà dá a lọ́lá. Ọdún 1969 ni ó kú.